Ọlọ́pàá obìnrin láàárín ọkùnrin: ìwé ìpínṣẹ́ ni kó o kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Àwa obìnrin méjì péré ló wà nínú ikọ̀ wa. Ìdí kántà ni wọ́n máa ń fi mí sí, àfi tí wọ́n bá mú obìnrin wá tí wọ́n ń wá ẹni tó máa tú ara rẹ̀ wò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá wọn jáde lóru, ọ̀gá ní òun ò fẹ́ wàhálà. Ẹnì kan tó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ kì í pe orúkọ mi, "ìyàwó wa" ló ń pè mí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórí fóònù láàárín òru. Bí mo bá bínú, wọ́n á ní mi ò mọ eré. Bí mo bá dákẹ́, ṣe ló ń le sí i. Ní báyìí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àtọmọdé. Ṣé kí n lọ? Àbí kí n di akọ bíi tiwọn? Àbí iṣẹ́ yìí kì í tiẹ̀ ṣe ti obìnrin ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Ìbéèrè tó o fi kádìí ló yá jù láti dáhùn, nítorí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti dán an wò, ó ti pẹ́. Lọ́dún 1972, ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, wọ́n rán obìnrin 86 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ jáde sígboro bí wọ́n ṣe ń rán ọkùnrin, wọ́n sì fi wọ́n wé ọkùnrin 86 táwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1974, wọ́n rí i pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Àwọn obìnrin kò mú èèyàn tó ọkùnrin, wọn ò sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún awakọ̀ tó wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó hùwà tó ba orúkọ iṣẹ́ jẹ́. Ní Los Angeles, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá lu Rodney King, awakọ̀ aláwọ̀ dúdú kan, bí ẹni máa pa á lọ́dún 1991, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí agbẹjọ́rò kan, Warren Christopher, darí yẹ ìwé àwọn ọlọ́pàá 120 tí àkọsílẹ̀ lílo ipá wọn pọ̀ jù wò. Kò sí obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2021 fi àwọn ọlọ́pàá Chicago tó ṣiṣẹ́ ní àdúgbò kan náà, ní irú wákàtí kan náà, wé ara wọn, ó sì rí i pé obìnrin kì í lo ipá tó ọkùnrin.

Mi ò kúkú gbádùn bí àwọn kan ṣe ń lo ẹ̀rí yìí. Wọ́n á ní obìnrin lójú àánú, kí wọ́n kó wọn wọṣẹ́ kí wọ́n wá bomi pa iná tí ọkùnrin dá. Ìyìn ni lóòótọ́, àmọ́ ìyìn tó máa dá ọ padà sídìí kántà ni. O ò wọṣẹ́ láti wá tún ìwà ẹnikẹ́ni ṣe.

Níbo wá ni ọ̀gá rẹ ti rí i pé obìnrin àti kántà ló bára mu? Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gba obìnrin sínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Lola Baldwin, tí wọ́n búra fún ní Portland ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1908, àti Alice Stebbins Wells ní Los Angeles lọ́dún 1910, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin àtọmọdé ni wọ́n gbà wọ́n fún. Wells fọwọ́ ara rẹ̀ rán yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, torí kò sí ti obìnrin nílẹ̀. Nígbà tó fi báàjì rẹ̀ han kọ̀ńdọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro, tí ọlọ́pàá ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọkùnrin yẹn ní báàjì ọkọ rẹ̀ ló gbé. Wọ́n ní láti ṣe báàjì mìíràn fún un, tí wọ́n kọ "ọlọ́pàá obìnrin, nọ́ńbà kìíní" sí.

Ó di ọdún 1968 kí obìnrin méjì, Betty Blankenship àti Elizabeth Coffal, tó jọ wọ mọ́tò ọlọ́pàá ní Indianapolis, tí wọ́n ń dáhùn ìpè gbogbo bí ọkùnrin. Ọdún 1968 yẹn kan náà ni ìlànà ọlọ́pàá Nàìjíríà jáde, tó yan iṣẹ́ tẹlifóònù àti iṣẹ́ akọ̀wé fún obìnrin, tó sì ní kí wọ́n má kó wọn síbi ìdánrawò tí a ń gbé ìbọn ṣe, tàbí síbi ìdánrawò bí a ṣe ń kápá rògbòdìyàn. Ìlànà náà tún ní kí ọlọ́pàá obìnrin tó fẹ́ lọ́kọ kọ̀wé béèrè àyè, kó dárúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kó sọ iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tó ń gbé. Ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wọ́gi lé ti ìgbéyàwó yẹn. Kó tó dìgbà náà, lọ́dún 2007, Íńdíà ti rán ikọ̀ ọlọ́pàá kan lọ sí Làìbéríà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ìbọn lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń ṣọ́ Monrovia, olú ìlú ibẹ̀, lóru. Ohun tí ìwé ilẹ̀ kan ní obìnrin ò gbọdọ̀ fi dánra wò, òun ni àwọn yẹn ń ṣe jẹun.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tìrẹ gan-an. Fetí sí ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ní àgọ́ nígbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀. Ìtàn bí wọ́n ṣe lé olè ni, ìtàn ìjà, ìtàn ìbọn. Kò sẹ́ni tó máa jókòó ròyìn bó ṣe fi ohùn pẹ̀lẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ èèyàn, tàbí bó ṣe kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ débi tí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ò fi rí ibi gbá mú. Bẹ́ẹ̀, níbikíbi láyé, ọ̀rọ̀ sísọ, ìwé kíkọ, ìjà pípẹ̀tù sí àti ìdúró gbọọrọ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ìjà kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Apá tí kò tó nǹkan yẹn ni wọ́n wá sọ di òṣùwọ̀n, obìnrin nìkan ni wọ́n sì ń fi wọ̀n. Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ ò jẹ́ kó lè sáré dé ìta gbangba, kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá iṣẹ́ yìí bá ọkùnrin mu.

Bí àkókò ìgbéga bá dé, wọ́n á béèrè: ta ló wà níbi tí wọ́n ti mú afurasí? Ta ló kọ ìwé ẹjọ́? Ta ló dúró níwájú adájọ́? Orúkọ ẹni tó wà ní kántà kò ní jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yẹn gbà wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn obìnrin tó bá bi mí pé kí wọ́n wo ìwé ìpínṣẹ́ kí wọ́n tó wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Àwàdà rírùn ń dunni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn ló ń pinnu ipò tó o máa wà lọ́dún kẹwàá.

Fún oṣù mẹ́ta, máa kọ ibi tí wọ́n rán ẹnì kọ̀ọ̀kan sí sílẹ̀, ìwọ àti àwọn tẹ́ ẹ jọ wọṣẹ́. Má fi han ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kọ lẹ́tà kúkurú sí ọ̀gá. Má kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ń rẹ́ ọ jẹ. Ohun pàtó ni kó o béèrè: òru mẹ́rin lóṣù pẹ̀lú ikọ̀ tó ń yí ìgboro ká, tàbí ẹjọ́ kan tó o máa bá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ilé ẹjọ́. Ó rọrùn fún ọ̀gá láti fẹnu sọ pé òun ò fẹ́ wàhálà. Kò rọrùn fún un láti fọwọ́ sí ìwé pé torí obìnrin ni ọ́ lòun ṣe kọ̀. Bó bá kọ̀, béèrè ìdí rẹ̀ lórí ìwé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bó bá tún kọ̀, àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta yẹn lo máa gbé lọ bá ẹni tó jù ú lọ.

Ohun kan wà nísàlẹ̀ "wàhálà" tí wọn kì í sọ sójú rẹ: bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, ṣé wàá dúró? Ẹni tó máa bá ọ jókòó nínú mọ́tò fẹ́ mọ̀, mi ò sì bá a wí, ẹ̀mí rẹ̀ ni. Bí a ṣe ń di èèyàn mú láìfi agbára ṣòfò, bí a ṣe ń pe ìrànlọ́wọ́ lórí rádíò kí ọ̀rọ̀ tó dà rú, kọ́ wọn ju ibi tí wọ́n kọ́ ọ dé lọ. Ọjọ́ kan á dé tí ìjà máa ṣẹlẹ̀, wàá dúró, ìròyìn á sì tàn. Ṣùgbọ́n mọ̀ ọ́n ṣáájú pé bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jáde, wọ́n á tún fẹ́ rí ẹ̀rí tuntun. Ọkùnrin ń fi ara rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kò dáa, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ní ti kó o di akọ bíi tiwọn: lọ́dún 1977, Rosabeth Kanter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí iye wọn ò ju nǹkan bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ẹgbẹ́ kan. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló ti ṣèwádìí rẹ̀, síbẹ̀ wàá bá ara rẹ pàdé níbẹ̀. Gbogbo ojú ló máa wà lára wọn, àṣìṣe ẹyọ kan á di àṣìṣe gbogbo obìnrin. Àwọn tó pọ̀ á túbọ̀ máa fi ìwà ọkùnrin yangàn nígbà tí wọ́n bá rí wọn. Ìsọkúsọ tí wọ́n ń sọ wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbé ohùn rẹ̀ sókè. Wọ́n á sì wá ipò tó yé wọn fún ẹni náà: ìyá, àbúrò, ìyàwó, tàbí obìnrin bí ọkùnrin. Ibẹ̀ ni "ìyàwó wa" ti wá. Kò fi bẹ́ẹ̀ kan ìwà tìrẹ.

Àwọn kan máa ń gba ipò obìnrin bí ọkùnrin. Wọ́n á bú èèyàn ju ọkùnrin lọ, wọ́n á lu afurasí ju ọkùnrin lọ, wọ́n á sì fi obìnrin ẹgbẹ́ wọn rẹ́rìn-ín kí wọ́n lè wà lára ọmọ ilé. Àwọn mìíràn á gba ti àbúrò tàbí ìyàwó: wọ́n fẹ́ràn wọn, wọ́n ń dáàbò bò wọ́n, orí ipò kan náà ni wọ́n sì máa ń wà títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì. Mi ò dá ìkankan nínú wọn lẹ́bi, torí ohun tí wọ́n fún wọn láti mú nìyẹn. Tó o bá rí ọ̀gá obìnrin tó le mọ́ àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ, rántí ohun tó ná an kó tó débẹ̀. Síbẹ̀, má gba ìkankan nínú méjèèjì. Wá apá iṣẹ́ kan tí wọn ò ní lè ṣe láìpè ọ́: gbígba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí, títọ́jú ẹ̀rí, jíjẹ́rìí nílé ẹjọ́. Kí orúkọ rẹ sì wà lórí rẹ̀ o. Ìwé tó o bá bá ẹlòmíràn kọ tó wá fọwọ́ sí, ọ̀fẹ́ lo ṣe é.

Obìnrin kejì tó wà níkọ̀ yín ńkọ́? O dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, o ò sì tún sọ nǹkan kan mọ́. Lọ bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin á máa fi yín wé ara yín, "tèyí mọ iṣẹ́, tọ̀hún ń ṣe fáàrí". Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yìn ọ́ báyẹn, má gbà á.

Ọ̀rọ̀ ohun èlò máa ń jọ ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Kánádà gba obìnrin 32 àkọ́kọ́ lọ́dún 1974, síkẹ́ẹ̀tì àti fìlà ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún wọn. Ọdún 1990 ni wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n dé fìlà ńlá kan náà pẹ̀lú ọkùnrin. Ẹ̀wù ayẹta tí wọ́n gé fún àyà ọkùnrin máa ń ṣí ẹ̀gbẹ́ obìnrin sílẹ̀, tàbí kó gòkè sọ́rùn nígbà tó bá jókòó nínú mọ́tò. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tún wà níbẹ̀: ẹni tí wọ́n fi sí ojú ìṣọ́ fún wákàtí mẹ́wàá láìsí ibi ìgbọ̀nsẹ̀ ò ní mu omi, àìsàn ló sì máa ń já sí. Kọ̀wé béèrè nǹkan wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ ààbò ni, òun ló rọrùn jù fún ọ̀gá láti gbà, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá sì ti gbà sí ọ lẹ́nu, kejì kì í le tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá dé orí ẹni tó ń pè ọ́ lóru. Ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. "Ìyàwó wa" lójú gbogbo èèyàn jẹ́ ìwọ̀sí. Fi orúkọ rẹ àti ipò rẹ dá a lóhùn, pẹ̀lú ohùn tútù, lójú gbogbo wọn, ní gbogbo ìgbà: "Orúkọ mi nìyí, sà." Má rẹ́rìn-ín, má sì bínú. Ó máa ń sú wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó jù ọ́ lọ lẹ́nu iṣẹ́ máa pè ọ́ láàárín òru, ìyẹn kúrò ní eré. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ dà á pọ̀ mọ́ àwàdà.

Má gbé ìpè náà. Tílẹ̀ bá mọ́, fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ẹ má pè mí lóru mọ́." Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni bóyá o sọ fún un pé o ò fẹ́. Ní ìwé kan tó jẹ́ pé ilé lo máa fi sí, kì í ṣe àpótí ibi iṣẹ́. Kọ ọjọ́, wákàtí, ọ̀rọ̀ tó sọ gẹ́lẹ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ síbẹ̀. Ya àwòrán àkọsílẹ̀ ìpè tó wà lójú fóònù rẹ. Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni kó o kọ ọ́. Ọlọ́pàá ni ọ́, o mọ ojú tí adájọ́ fi ń wo ohun tí èèyàn jókòó kọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kó o tó gbé ẹ̀sùn lọ sókè, bá agbẹjọ́rò tàbí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí kò sí lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Bó bá sì wá fọwọ́ kàn ọ́, tàbí tó fi ìgbéga dẹ́rù bà ọ́, má dúró de ìwé kankan. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni, o sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ pé kò lóró. Wọ́n lè máa dákẹ́ tó o bá wọlé. Wọ́n lè gbé ọ lọ síbi tó jìnnà. Èyí tó burú jù ni kó o pe ìrànlọ́wọ́ lórí rádíò kí ìdáhùn máa fà bíi pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Àṣà pé a kì í fẹjọ́ ara wa sùn, tó ń bo ẹni tó na aráàlú mọ́lẹ̀, òun kan náà ló ń bo ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní Kánádà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó lé ní 3,000 ìwé ẹ̀sùn tó dé lórí bí wọ́n ṣe fìtínà àwọn obìnrin nínú iṣẹ́ náà, obìnrin 2,304 ni wọ́n sì san owó gbà-máà-bínú fún. Ọ̀gá àgbà wọn ti tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́dún 2016. Michel Bastarache, tó ti jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wọn, tó gbọ́ ẹjọ́ àwọn obìnrin náà, kọ ọ́ lọ́dún 2020 pé àtúnṣe ò lè ti inú ilé iṣẹ́ náà wá, àfi tí wọ́n bá ti ìta tì í. Ní London, lọ́dún 2023, ìròyìn ìwádìí tí wọ́n gbé lé Louise Casey lọ́wọ́ sọ pé ìkórìíra obìnrin ti wọnú ètò iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú náà. Mi ò ka èyí fún ọ láti dẹ́rù bà ọ́. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ní kó o wá ẹni tó wà níta kó o tó sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ó ku ẹ̀ka obìnrin àtọmọdé. Iṣẹ́ gidi ni, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú kékeré wò ó. Àgọ́ ọlọ́pàá obìnrin nìkan ti wà ní Kozhikode ní Íńdíà láti ọdún 1973. São Paulo ní Brazil dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1985, torí àwọn obìnrin tí wọ́n lù nílé máa ń dé àgọ́ kí àwọn ọkùnrin tún máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2022, tí wọ́n ṣe ní àgọ́ 180 ní Madhya Pradesh, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, fi hàn pé níbi tí wọ́n dá tábìlì ìrànwọ́ obìnrin sílẹ̀, ẹjọ́ wọn tó wọ inú ìwé pọ̀ sí i, pàápàá níbi tó jẹ́ pé ọlọ́pàá obìnrin ló wà nídìí rẹ̀. Àmọ́ ní Haryana, ìpínlẹ̀ mìíràn níbẹ̀, níbi tí wọ́n dá àgọ́ obìnrin sílẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn àgọ́ yòókù rí ibi tì wọ́n sí: tí obìnrin bá dé, wọ́n á ní kó lọ sí "ti yín".

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé lọ, tí wọ́n bá jẹ́ kó o mú ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ ní orúkọ ara rẹ, tí wọ́n bá rán ọ lọ kọ́ iṣẹ́ ìwádìí, tí wọ́n sì sọ ọdún tí wọ́n máa dá ọ padà sí iṣẹ́ gbogboògbò. Bó bá jẹ́ kántà mìíràn ni, níbi tó o ti máa gba ẹkún èèyàn sílẹ̀ kó o wá kó ìwé rẹ̀ fún ọkùnrin tó máa bá a lọ sílé ẹjọ́, dúró síbi tó o wà kó o máa bá ọ̀rọ̀ òru mẹ́rin yẹn lọ. Bí wọn ò bá fẹ́ dárúkọ ọdún kankan, ìwọ ni kó o dárúkọ rẹ̀: kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó o fi gbà pé ọdún méjì lo gbà láti lọ, kó o fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Bó bá sì jẹ́ pé kó o lè jìnnà sí ẹni tó ń pè ọ́ lóru ló mú kí ibẹ̀ wù ọ́, ìdí tó tó ni, má tijú rẹ̀. Kìkì pé nínú lẹ́tà yẹn, iṣẹ́ tó o fẹ́ lọ ṣe ni kó o kọ. Kí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà nínú ìwé ẹ̀sùn lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.